Àwọn Bàtà Tó Ṣẹ́kù Sétí Odò

Alihamudulilahi. Mo lọ, mo bọ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì pé. Mo dárúkọ ẹsẹ̀ nítorí pé òun gan-an ni gbogbo Kétu ń wò láti ìgbà tí mo ti dé. Kí ẹnìkan tó kí mi kú àbọ̀ tán, ojú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé èmi ni mo mú kí odidi ọkọ̀ ojú omi kan sọdá odò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ọ́mọ̀. N ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè ráyè padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Làmídì ayàwòrán ni mí. Bí o bá ti gẹrun rí ní Kétu, ní Idigny tàbí ní Okpometa, àwọn orí tó wà lára pátákó onígbàjámọ̀ yẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n ti jáde. Ààfáà tó kọ́ mi ní kéwú ti ń sọ fún mi láti kékeré pé ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, Ẹlẹ́dàá yóò ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn. Èmi a sì máa dá a lóhùn pé orí lásán ni mo ń yà, kò sí ọrùn níbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń tọrọ ìdáríjì. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ya òmíràn. Bí èmi àti Ọlọ́run mi ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn kí n tó rí odò.

Ìpè láti òkèèrè

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ràlíátù. Ọmọ ilẹ̀ Gámbíà kan, Ébúrímà, tó wá ń ta aṣọ ní Kùtọnù, ló fẹ́ ẹ, ó sì mú un lọ sílé. Ọdún kọkàndínlógún rèé. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tẹ̀ lé e débẹ̀. Bàbá wa fẹ́ lọ, ikú ò jẹ́. Orúnkún ìyá wa ò gba ọ̀nà jíjìn. Bó ṣe di pé ní ilé ọkọ rẹ̀ wọ́n ń pe Ràlíátù ní ẹni tí kò ní ènìyàn nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Wọ́n kàn ń sọ ohun tí ojú wọn rí ni. Ìyàwó mìíràn bímọ, ìyá rẹ̀ a wá wẹ ọmọ. Ràlíátù bí mẹ́rin, ará àdúgbò ló wẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí bàbá ọkọ rẹ̀ kú, tí àdúrà ọdún kan sì ń súnmọ́lé, àwọn ẹbí ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò ya àwòrán bàbá náà sára ògiri àgbàlá. Ràlíátù ń bó àlùbọ́sà lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ sì yá, ó ní àbúrò òun jẹ́ ayàwòrán ńlá ní Kétu. Wọ́n ní kó wá, kí àwọn rí i. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

"Làmídì," ó ní, "tí o kò bá wá, wọ́n á sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hu ọ́ jáde látinú ẹnu ni."

Mo di búrọ́ọ̀ṣì mi sínú ẹní ìkírun, mo wọ jàlámíà funfun tí mo fi kírun ọdún, mo kó tẹ̀sùbáà sọ́wọ́, mo lọ.

Ibi tí ilẹ̀ parí sí

Mi ò ní dà yín láàmú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ẹnu ibodè. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo jókòó fún ọjọ́ púpọ̀, ìdí mi sì mọ gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà láàrin wa. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n já wa sílẹ̀ ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Bárà, wọ́n ní odò ló kù, òdì kejì ni Bánjùlù.

Mo ti gbọ́ nípa odò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń sọ ni nǹkan bí ọ̀nà, tí omi wà lórí rẹ̀. Ohun tí mo rí kò ní etí. Omi bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi, ó sì lọ pàdé ọ̀run. Mo dúró, mo ń rántí ìyá mi tó máa ń fi omi ìfọwọ́ wẹ ẹsẹ̀ ọmọ, tí yóò tún bu omi ẹsẹ̀ náà rin ata nínú ọgbà. Ojú mi sì kún. Mo ní, Ọlọ́run, O ní gbogbo èyí lọ́wọ́, O ń wò wá ní Kétu?

Ọkọ̀ tó ń gbé wọn sọdá, fẹ́rì ni wọ́n ń pè é. Irin ni, ó gbòòrò bí àgbàlá ilé ọba, ó sì la ẹnu sílẹ̀ létí omi, ahọ́n irin kan sì nà jáde láti ẹnu náà wá sórí ilẹ̀. Orí ahọ́n yẹn ni mọ́tò ń gbà wọlé. Ẹran ń wọlé. Ọkùnrin kan ru ilẹ̀kùn, òun pẹ̀lú férémù rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tó ṣì wà nínú ihò, ó ń wọlé. Ó wá kàn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ìwé yìí láti ibòmíràn lè má mọ̀ ọ́n: ní orí òkè tiwa yìí, kò sí odò. Nínú kànga jíjìn ni omi wa wà, òjò la sì fi ń kún un. A máa ń fi símẹ́ńtì tẹ́ ẹnu kànga yíká, tó jẹ́ pé omi tó bá ta sórí rẹ̀ yóò padà sínú. Bí o bá fi bàtà gun orí símẹ́ńtì yẹn, ẹni tí kò bí ọ pàápàá yóò bú ọ. Ibi tí ilẹ̀ bá ti pàdé omi, a máa ń bọ́ bàtà. Ọwọ́ ìyá mi ti kọ́ ẹ̀yìn orí mi ní ẹ̀kọ́ yìí kí n tó mọ alifu.

Mo dé ẹnu ahọ́n irin náà. Mo bọ́ bàtà mi, mo tò ó síbi tó dára, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, mo ní bísímílà.

Bí àwọn ìyókù ṣe tẹ̀ lé mi

Obìnrin kan wà lẹ́yìn mi tó ń jẹ́ Àsítú, oníṣòwò aṣọ aláró, tó gbọ́ Faransé dáadáa. Òun ló padà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní òun rí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan nínú aṣọ funfun, tó gbé ẹní ìkírun, tó ń fa tẹ̀sùbáà, tó bọ́ bàtà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Òun rò ó pé bóyá ìlànà tuntun ni. Òun wo ògiri bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, òun ò rí i. Òun wá rò ó pé ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà nínú ọkọ̀ náà tí ojú lásán ò lè rí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, bàtà pupa onígìgísẹ̀ gíga, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Ẹni tó wà lẹ́yìn Àsítú rí èèyàn méjì. Ẹni tó tẹ̀ lé e rí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó tún bèèrè nǹkan kan mọ́, nítorí pé nígbà tí ogún bàtà bá ti wà nílẹ̀, ẹni tó bá wọ tirẹ̀ wọlé, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ bọ́. Ọlọ́pàá kan tú okùn bàtà gíga rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì dúró dè é. Ọkùnrin onílẹ̀kùn sọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó tún un rù. Kódà ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ tirẹ̀, ó ṣẹ́kù ìbọ̀sẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀. Mo ní àwọn ará ibí yìí mà ní ẹ̀kọ́ o, wọ́n dà bí àwa.

Ọkọ̀ náà fọn fèrè, ó gbé ahọ́n rẹ̀ sókè, ó ṣí.

Kò sí ìjì lọ́jọ́ náà. Kí n má parọ́ mọ́ odò. Omi náà tẹ́jú bí àwo ìjẹun. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni ilẹ̀. Mo yíjú padà, mo rí i pé ilẹ̀ ń lọ. Èmi dúró síbi kan, kò sí ohun tí mo ṣe, ilẹ̀ sì ń fi mí sílẹ̀, òun àti igi orí rẹ̀ àti bàtà mi. Mo di irin mú. Mo kígbe ní èdè tí wọ́n fi bí mi, mo ní, "Ọlọ́run Ọba, bí O bá gbé mi dé òdì kejì, mi ò tún ní ya ohun ẹlẹ́mìí mọ́ títí n ó fi kú."

Gbogbo ọkọ̀ dáhùn pé àmín.

Wọn kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n kàn mọ ohùn àdúrà ni. Àwọn tí wọ́n ti ń sọdá odò yẹn lójoojúmọ́ láti kékeré, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, ni wọ́n wá ń wo ara wọn. Bí ààfáà ńlá bá ń bẹ̀rù, kí ni ó rí? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di irin mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbò kan ké. Ìyá arúgbó kan ń ka kálímá. Báyìí ni a ṣe la àárín odò tó dákẹ́ rọ́rọ́ kọjá, ọgọ́rùn-ún ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a ń tọrọ ẹ̀mí wa.

Ìgbà tí òdì kejì wá hàn kedere, tí ọkàn balẹ̀, ni Àsítú bi mí ní Faransé pé, "Sẹ̀ríñ" (orúkọ tí wọ́n ń pe ààfáà ńlá nìyẹn lọ́dọ̀ wọn) "ta ni yóò kó bàtà náà wá fún wa?"

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo wo ẹsẹ̀ gbogbo èrò. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ìyàtọ̀ wà láàrin ọkọ̀ àti kànga: kànga kì í lọ síbì kankan.

Káàbọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ dúró dè mí létí omi ní Bánjùlù. Wọ́n mú Gọ̀gọ́ Jàábù dání, àbúrò olóògbé, bàbá ọkọ rẹ̀, obìnrin gíga tó ní ẹnu. Òun gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹni-tí-kò-ní-ènìyàn. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ayàwòrán ńlá náà bó bá ń sọ̀kalẹ̀.

Oòrùn ti yan ilẹ̀ ọ̀dà fún wa. Nígbà tí ahọ́n irin náà balẹ̀, gbogbo wa jáde lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ń ta bí àgbàdo nínú ìkòkò yíyan. Ọlọ́pàá ń fò. Onílẹ̀kùn ń fò, ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń pa dé. Èmi ni mo wà níwájú wọn, nínú aṣọ funfun. Ọdún kọkàndínlógún tí mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi kẹ́yìn, ojú tí ó sì kọ́kọ́ fi wò mí kì í ṣe ojú ayọ̀.

Gọ̀gọ́ Jàábù sọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn. Mo bi Ràlíátù léèrè ohun tó sọ. Ó ní ó kí mi káàbọ̀.

Kò sí ẹni tó bínú sí mi, Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ òjìji mọ́tò, wọ́n ń retí bàtà, àwọn mìíràn sì gbé ọmọ wá kí n gbàdúrà fún un. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ sí Bárà tó sì padà dé, wọ́n ti da gbogbo bàtà pọ̀ sínú àwọ̀n ìpẹja ńlá kan. Wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹni tó rí òsì ń wá ọ̀tún. Ẹni méjì fa bàtà kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa dá, tèmi kò sí níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni sálúbàtà rọ́bà obìnrin kan, aláwọ̀ òféèfé, tó ní òdòdó lórí. Mo wọ̀ ọ́. Kí ni n ó ṣe?

Gọ̀gọ́ Jàábù tún sọ̀rọ̀. Mi ò tíì bèèrè tí Ràlíátù fi ní ó tún kí mi káàbọ̀.

Ẹja tó ń rìn

Àlejò ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀, kí n jẹ́rìí. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé yí àgbàlá ká, ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ni olórí wọn. Yáàyì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Obìnrin kékeré, tó máa ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n se ìrẹsì nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú ẹja àti ẹ̀fọ́ àti epo, wọ́n dà á sínú ọpọ́n kan, gbogbo wa sì jókòó yí i ká. Ẹja ńlá kan wà láàrin. Ní ọ̀dọ̀ wọn, àgbà obìnrin ló máa ń já ẹja, tí á sì jù ú síwájú àlejò. Gọ̀gọ́ Jàábù já èyí tó dára jù, ó jù ú síwájú mi. Ní ọ̀dọ̀ tèmi, ta ni èmi tí n ó jẹ ẹja nígbà tí àgbà ò tíì jẹ? Mo rọra tì í sọ́dọ̀ Yáàyì. Yáàyì tì í padà. Mo tì í sọ́dọ̀ Ébúrímà nítorí òun ló ni ilé. Ébúrímà tì í padà. Ẹja yìí yí ọpọ́n ká lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́, títí tí Yáàyì fi na ọwọ́ kọjá orí ìrẹsì, tó sì tì í bọ̀ mí lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn ń fún ọmọ lóògùn.

Ti tíì náà wà níbẹ̀. Inú ife kéékèèké ni wọ́n ń bu ú sí, ẹ̀ẹ̀mẹta, àkọ́kọ́ korò bí ewúro, ẹ̀kẹta dùn. Mo mu àkọ́kọ́, mo dúpẹ́, mo dìde láti lọ sùn. Ébúrímà fà mí jókòó. Mo mu èkejì, mo tún dúpẹ́, mo tún dìde. Ó sọ fún mi ní Fọ̀n tó kọ́ ní ọjà Kùtọnù pé ẹni tó bá dìde kí ẹ̀kẹta tó dé ń já okùn ọ̀rẹ́ ni. Mo jókòó. Mi ò sùn fún ọjọ́ méjì.

Ojú Bàbá Músà

Bàbá Músà ni orúkọ olóògbé. Iṣẹ́ rẹ̀ láyé rẹ̀ ni pé ó máa ń pe mọ́tò wọ inú fẹ́rì. Òun ló máa ń fi ẹ̀yìn rìn lórí ahọ́n irin yẹn, tí yóò kọjú sí mọ́tò, tí yóò máa fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀, òsì díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, dúró. Ogójì ọdún ló fi ń fi ẹ̀yìn rìn. Wọ́n ní mọ́tò kan ò já sómi lójú rẹ̀ rí.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní fọ́tò. Wọn kò ní. Bàbá náà kò fẹ́ràn fọ́tò. Káàdì ìdánimọ̀ kan ṣoṣo ló wà, òǹtẹ̀ ìjọba sì ti jókòó sórí ojú òsì àti imú rẹ̀, òógùn àpò ti jẹ ìyókù. Etí kan ló hàn.

Ébúrímà ní kò le, kí n wo ojú òun, òun àti bàbá òun jọra. Gọ̀gọ́ Jàábù ní irọ́ ni, òun ló jọ, kí n ya òun kí n sì fi irùngbọ̀n sí i. Aládùúgbò kan ní kò ní irùngbọ̀n. Òmíràn ní ó ní, ṣùgbọ́n ọ̀sán nìkan. Wọ́n pe onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun fún un fún ogún ọdún, inú mi sì dùn nítorí pé ẹlẹ́gbẹ́ mi ni. Ọkùnrin yẹn di ojú rẹ̀, ó sì ṣe àpèjúwe ìpàkọ́ Bàbá Músà fún mi láìyọ ìlà kan sílẹ̀. Níwájú, ó ní òun ò lè sọ. Ẹ̀yìn lòun máa ń dúró sí.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kó di Jímọ̀ tí ẹbí yóò pé. Mo pe Ràlíátù sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì jẹ́wọ́ ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ lórí omi.

Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

"Làmídì, pátákó onígbàjámọ̀ tí o ti ń yà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ń kọ́?"

Mo ní mo ti tọrọ ìdáríjì lórí ìyẹn.

"O ò lè dúró kí ògiri mi parí kí o tó bẹ̀rù Ọlọ́run?"

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó padà sídìí iná, ó ń ro ìkòkò tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀.

Mo lọ bá lèmọ́ọ̀mù àdúgbò, ẹni tó lọ́kàn tútù, tó gbọ́ Faransé díẹ̀. Mo ń retí pé yóò bá mi wá ọ̀nà àbáyọ. Ó bi mí bóyá ara mi dá nígbà tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ẹlẹ́rìí wà. Mo ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ṣe àmín. Ó gbọn orí. Ó ní, "Ọmọ Kétu, ohun tí a ti ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi sílẹ̀ ni o fi sílẹ̀. Ṣé èmi ni n ó wá ní kí o padà sí i?" Ó sì fún mi ní tíì, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ohun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó sí àgbàlá, mo ń wo ògiri funfun, ògiri náà ń wò mí. Yáàyì jáde, ó ń gbálẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo rí i tó gbé bàtà kan sókè, ó gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó sì dá a padà síbi tó wà gan-an. Bàtà ọkùnrin ni, tí wọ́n fi táyà mọ́tò ṣe, tó wúwo, tí okùn rẹ̀ ti dúdú. Mo bi ọmọ Ràlíátù kan léèrè ẹni tó ni ín. Ó ní ti bàbá àgbà ni. Láti ọjọ́ tó ti kú, ẹnìkan ò gbé e kúrò níbẹ̀.

Mo wò ó títí. Mo súnmọ́ ọn. Iwájú rẹ̀ ti jẹ tán, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ṣì dúró, nítorí pé ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn ló wọ̀ ọ́. Kò sí bàtà mìíràn tó lè rí bẹ́ẹ̀ láyé. Mo ní nínú ara mi pé bàtà kò ní ẹ̀mí. Bàtà kì í ṣe ẹlẹ́mìí, lọ́dọ̀ ààfáà wo!

Mo ta aṣọ bo ògiri náà, mo ní kí ẹnikẹ́ni má yọjú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yà. Mo ya odò, gbogbo rẹ̀, títí tó fi pàdé ọ̀run. Mo ya fẹ́rì tó la ẹnu, tí ahọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Létí omi, mo to bàtà, gbogbo èyí tí mo rántí: ti Àsítú, pupa, tí gìgísẹ̀ kan tẹ̀, ti ọlọ́pàá, pẹ̀lú okùn tó gùn, ti akẹ́kọ̀ọ́, ti àwọn ọmọdé, tó kéré bí ìkarahun. Ní iwájú gbogbo wọn, lórí ahọ́n irin gan-an, mo ya bàtà táyà, ó kọjú sí wa, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀.

Mi ò ya dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó gba orí lọ́wọ́ mi.

Jímọ̀

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àgbàlá kún. Àwọn ẹbí wá láti abúlé. Wọ́n tẹ́ ẹní, àwọn ọkùnrin sí apá kan, àwọn obìnrin ilé sí apá kejì, Yáàyì láàrin wọn, Gọ̀gọ́ Jàábù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ràlíátù dúró lẹ́bàá ìkòkò, níbi tó ti máa ń dúró bí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn. Ébúrímà fa aṣọ náà sílẹ̀.

Ọkùnrin kan láti abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í ka bàtà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú Ébúrímà pọ́n, ó yíjú sí mi, ó sì bi mí ní Fọ̀n pé, "Bàbá mi dà?" Gọ̀gọ́ Jàábù na ìka sí ògiri, lẹ́yìn náà sí sálúbàtà olódòdó tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó sì sọ ohun tí gbogbo obìnrin fi bo ẹnu. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbé ojú sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́, pé ìbá sàn kí n má wá, kí ó máa jẹ́ ẹni tí kò ní ènìyàn, ju kó jẹ́ ẹni tó ní irú èmi.

Yáàyì dìde. Ó rìn la àárín wọn kọjá lọ síbi ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo bàtà táyà náà bí ẹni tó fẹ́ rà á. Nígbà tó sọ̀rọ̀, èmi ló bá wí, Ràlíátù sì ní láti fi ìkòkò sílẹ̀ kó wá túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní o ṣe àṣìṣe."

Mo ní kó bá mi bẹ̀ ẹ́.

"Ó ní o fi òsì sí òsì." Ẹ̀gbọ́n mi tún tẹ́tí sí i. "Ó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá máa ń fi òsì wọ ọ̀tún, kó fi ọ̀tún wọ òsì, kí iwájú méjèèjì lè jẹ dọ́gba. Ó ní ó máa ń rìn bíi pépéyẹ lọ sí mọ́ṣáláṣí, ojú sì máa ń ti òun. Ó ní òní kì í ha ṣe Jímọ̀ ni?"

Ébúrímà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì fi apá aṣọ bo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ohun mìíràn. Gọ̀gọ́ Jàábù ní òótọ́ ni, òun ti gbàgbé, bíi pépéyẹ gan-an ni. Lẹ́yìn náà kò sí ẹni tó tún bi mí léèrè ojú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tó ń gbà rìn, olúkúlùkù ń dìde láti rìn ín, àwọn àgbàlagbà tó wọ aṣọ ńlá, tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn yí àgbàlá ká, tí wọ́n ń kọlu ara wọn. Èmi kúnlẹ̀ nídìí ògiri, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa òsì dà sí ọ̀tún lójú gbogbo ènìyàn, Yáàyì dúró lé mi lórí, ó ń fi ọwọ́ júwe, òsì díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, dúró.

Nígbà tí wọ́n fara balẹ̀, lèmọ́ọ̀mù ní kí àwọn bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àṣà wọn ni pé kí wọ́n pe orúkọ olóògbé àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan nínú ilé fi orúkọ òkú tirẹ̀ kún un. Wọ́n pe Bàbá Músà. Àwọn ìyàwó dárúkọ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ràlíátù ti ń padà sídìí ìkòkò rẹ̀, nítorí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọn kì í dúró kó kàn án.

Gọ̀gọ́ Jàábù dì í ní ìró mú. Ó sún, ó fi ọwọ́ gbá orí ẹní láàrin òun àti Yáàyì. Ó bi í ní ìbéèrè kan, mi ò sì nílò kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó ní, "Sùlémánù. Sùlémánù ará Kétu."

Lèmọ́ọ̀mù pè é bó ṣe lè pè é. Gbogbo àgbàlá sì dáhùn àmín lórí bàbá wa, tí kò fojú rí odò rí títí tó fi kú.